Ẹ Má Jẹ́ Kí Ohùn Àwọn Àgbà Kú Sínú Àpótí

 

Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ orin ni mo gbé wá. Ẹlòmíì lè ní, kí ni babaláwo ń wá nídìí kọ̀ǹpútà àti orin? Ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ wọ ilé àgbà awo kan kí ẹ má bá àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tàbí lórí àjà, tí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kún inú ẹ̀. Bàbá sun ìyẹ̀rẹ̀ níbi ọdún Ifá, ẹnì kan gbé rédíò kásẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ìyá ki oríkì ìdílé níbi ìgbéyàwó, wọ́n gba ìyẹn náà. Lónìí, Bàbá ti lọ, Ìyá ti lọ. Kásẹ́ẹ̀tì nìkan ló kù, òun náà sì ti ń múra àtilọ.

Ohun tí mo wá sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Ẹ jẹ́ ká gbé ohùn inú kásẹ́ẹ̀tì àti rẹ́kọ́ọ̀dù wa sínú kọ̀ǹpútà nísinsìnyí tí ohùn ṣì wà níbẹ̀, ká sì máa jókòó gbọ́ ọ pẹ̀lú àwọn ọmọ wa. Kò le. Kò wọ́n tó bí ẹ ṣe rò. Ó sì dùn, ó dùn ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sínú ìwé lọ.

BÍ MO ṢE BẸ̀RẸ̀

Èmi kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀rọ. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ka ìwé dé, mo jáde ní 1978, ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni mo sì ń gbé kiri láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn orin láti kékeré. Bàbá mi ní ẹ̀rọ giramọfóònù kan. Bí àwọn tó wá ṣe àyẹ̀wò bá ti lọ tán ní ìrọ̀lẹ́, wọn a gbé rẹ́kọ́ọ̀dù sí i. Ibẹ̀ ni mo ti mọ àpàlà Haruna Ishọla, sákárà Yusuf Ọlatunji tí gbogbo ayé ń pè ní Baba Lẹ́gbàá, àti jùjú I.K. Dairo, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ní oyè MBE ní 1963. Nígbà tí mo dàgbà, Ayinla Ọmọwura ni tèmi. Ọdún 1980 tí wọ́n pa á ní Abẹ́òkúta, àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà kò lè jẹun lọ́jọ́ tí a gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin kejì ló gbé lápútọ́ọ̀pù rẹ̀ tó ti lò gbó wá fún mi. Ó ní kí n máa fi ka ìwé ìròyìn. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ẹ̀rọ yìí lè gba orin inú rẹ́kọ́ọ̀dù? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ó ń gbà á, ẹ̀yin náà sì lè fọwọ́ ara yín ṣe é." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó mú okùn kan wá tó ní àpótí kékeré bí ilé ìṣáná lẹ́nu. Ẹnu kan rẹ̀ ń wọ ara kásẹ́ẹ̀tì, ẹnu kejì ń wọ ara kọ̀ǹpútà. Ó fi ọ̀sán kan kọ́ mi. Láti ìgbà náà, ọdún mẹ́rin rèé, kásẹ́ẹ̀tì tí mo ti gbé wọ inú kọ̀ǹpútà ti lé ní 200, rẹ́kọ́ọ̀dù sì ti tó 60. Àwọn ará àdúgbò ti ń gbé tiwọn wá bá mi. Ìyá àwọn ọmọ ní mo ti di oníkásẹ́ẹ̀tì, kí n kọ ọ́ sára ògiri.

OHUN TÍ Ó LÈ SỌNÙ

Kí ẹ tó rò pé eré lásán ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó mú mi lọ́kàn.

Ọdún Ifá ọdún 1984, àwọn àgbà pé sí ilé wa. Bàbá mi ló léwájú nínú ìyẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbà á sílẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, apá kan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, apá kejì ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bàbá mi papòdà ní 1991. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo rí kásẹ́ẹ̀tì náà gbà lọ́wọ́ àwọn ìbátan wa kan ní abúlé. Apá kìíní pé pérépéré. Mo gbọ́ ohùn bàbá mi, mo gbọ́ agogo, mo gbọ́ ìlù ìpèsè. Mo yí i sí apá kejì. Bàbá ń bá ẹsẹ̀ Ifá kan bọ̀, ó ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dùn gan-an, ló bá gé fàù! Ohùn ọkùnrin kan tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù ló bọ́ síbẹ̀. Ẹnì kan ti gba eré bọ́ọ̀lù lé e lórí. Èyí tó kù nínú ìyẹ̀rẹ̀ náà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sun mọ́ ní ọ̀nà tí bàbá mi ń gbà sun ún. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni bọ́ọ̀lù yẹn gbà lọ́wọ́ wa.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó ṣe é kò mọ ohun tó ń pa rẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè kásẹ́ẹ̀tì yín dáadáa: ẹ ó rí ike kékeré méjì níbẹ̀, ọ̀kan fún apá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ṣẹ́ wọn, ẹ̀rọ kò ní lè gba nǹkan mìíràn lé e lórí mọ́. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú àáyá méjì ni. Ẹ ṣe é lónìí fún gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó ní ohùn èèyàn yín, kí ẹ tó ka ìwé yìí tán pàápàá.

Bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gba bọ́ọ̀lù lé e, kásẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ohun tó ń wà títí. Ilé iṣẹ́ Philips ló gbé e jáde ní 1963. Ohun tó wà nínú ẹ̀ ni tẹ́ẹ̀pù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin lẹ̀ mọ́ lára, irin tó ti dípẹtà. Ògún ló gbé ohùn náà dání. Ẹ̀yin tó ń tẹ Ifá, ọ̀rọ̀ yìí á tètè yé yín: orí ìyẹ̀rosùn la ń tẹ odù sí, bí atẹ́gùn bá fẹ́ ìyẹ̀rosùn kúrò lórí ọpọ́n, odù tí a tẹ̀ náà ti lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì rí. Ooru ń bà á jẹ́, ọ̀rinrin ń mú kó hu funfun, ìyẹ̀fun náà á sì máa bọ́ díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá fi gbọ́ orin ni díẹ̀ ń bọ́ lára ẹ̀.

Ní 2005, UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára ohun àjogúnbá ńlá tó jẹ́ ti gbogbo ọmọ aráyé. Inú wa dùn, a jó, a yọ̀. Ṣùgbọ́n UNESCO kò ní wá bá wa yẹ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò. Iṣẹ́ ilé wa nìyẹn.

BÍ Ẹ̀RỌ ṢE Ń ṢE É

Ohun tí àwọn ọmọ ń pè ní dígítà, mo fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ bí ó ṣe yé mi. Kọ̀ǹpútà kì í tọ́jú ohùn bí ohùn. Ó ń wọn ìgbì ohùn náà, ó sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún CD, ìgbà 44,100 ló ń wọ̀n ọ́n láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kó ké, á ka àwọn iye náà padà ní kíá, á sì di ohùn.

Báwo ló ṣe ń kọ iye náà? Àmì méjì péré ló mọ̀: òdo àti ení. Ẹ rántí ohun tí àwa náà ń ṣe lórí ọpọ́n, ojú kan tàbí ojú méjì, ojú mẹ́jọ ló sì ń di odù kan. Ọ̀nà tí ojú mẹ́jọ lè gbà jáde jẹ́ 256, iye odù wa nìyẹn. Kọ̀ǹpútà náà ń kó àmì mẹ́jọ jọ, ọ̀nà tí ìyẹn náà lè gbà jáde jẹ́ 256. Fún ohùn, ó ń lo mẹ́jọ lọ́nà méjì, bí ẹni tẹ odù méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, iye tó ń jáde á sì di 65,536. N kò sọ pé kọ̀ǹpútà ń dá Ifá o! Kò mọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Mo kàn ń sọ ọ́ kí ẹ̀rù má ba àgbàlagbà kankan. Ẹni tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ́ odù, kọ̀ǹpútà kò lè ju agbára rẹ̀ lọ.

OHUN TÍ Ẹ NÍLÒ ÀTI BÍ Ẹ Ó ṢE ṢE É

Ẹ nílò ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kọ̀ǹpútà bó ti wù kó gbó tó, àti okùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Inú kọ̀ǹpútà náà, ẹ ní kí àwọn ọmọ bá yín fi Audacity sí i. Ọ̀fẹ́ ni, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ nu ẹ̀rọ. Ẹ rọ sípíríìtì tí wọ́n ń tà nílé oògùn sára òwú, ẹ fi nu irin kékeré tó ń kan tẹ́ẹ̀pù àti rọ́bà tó ń yí i. Òwú yẹn á dúdú. Ohùn àwọn èèyàn yín tó ti bọ́ sílẹ̀ wà nínú dúdú yẹn. Ẹ jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó fi kásẹ́ẹ̀tì sí i.

Bí tẹ́ẹ̀pù bá rọ̀ jáde, ẹ má fi ẹ̀rọ fà á. Ẹ fi bírò sí ihò rẹ̀, ẹ fọwọ́ yí i padà wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ sáré gbé e dé ìparí, kó sì gbé e padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kó lè tú ara.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Jẹnẹrétọ̀ máa ń kó ariwo "hùùù" wọ inú ohùn. Ohun tí mo ń ṣe nìyí: mo ń fi bátìrì sínú rédíò kásẹ́ẹ̀tì, mo sì ń lo kọ̀ǹpútà lórí bátìrì tirẹ̀, láì ki nǹkankan bọ ògiri. Ohùn á mọ́ lóló. Àárín òru ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí àdúgbò ti dákẹ́, tí mo lè fi íyàpíìsì sétí gbọ́ bó ṣe ń wọlé.

Ẹ wo àmì tó ń jó lókè nínú Audacity. Ẹ má jẹ́ kó máa lu òkè, kó má pọ́n. Ohùn tó bá kéré, a lè gbé e sókè lẹ́yìn ọ̀la. Èyí tó bá ti ya nígbà tó ń wọlé, kò sí oògùn ẹ̀.

Bí ohùn bá dàbí ohùn ẹni tí wọ́n fi aṣọ dì lẹ́nu, ó lè jẹ́ pé irin inú ẹ̀rọ kò dúró gúnrégé. Sukúrù tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ fi ìtúsukúrù yí i díẹ̀, díẹ̀ gan-an, sí ọ̀tún tàbí sí òsì, títí ohùn á fi là. Ní ti rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ wo iye ìyípo tí wọ́n kọ sára ẹ̀, bóyá 33, 45 tàbí 78. Ọmọ ọmọ mi kan gbé Ayinla ti 33 sí orí 45, ohùn Egúnmọgajì wá dàbí ohùn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́léósinmi. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: kò sí ọ̀nà àbùjá. Kásẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, wákàtí kan ni yóò gbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwa àgbàlagbà la yẹ fún un jù. Àwọn ọmọ kò ní sùúrù ẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe tán, ẹ tọ́jú ẹ̀dà pípé kan sí WAV tàbí FLAC, kí ẹ sì ṣe MP3 sílẹ̀ fún gbígbọ́ lórí fóònù. Wákàtí kan WAV á gba nǹkan bíi 600 MB. FLAC á dín in kù sí nǹkan bí ìdajì, kò sì ní yọ nǹkankan nínú ohùn. MP3 kékeré lè má ju 60 MB lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ju díẹ̀ nù nínú ohùn kó tó lè kéré bẹ́ẹ̀. Fláàṣì 32 GB kan lè gba WAV bíi wákàtí 50. Ìyẹn ni pé odindi àpótí kásẹ́ẹ̀tì á wọ inú ohun tí kò tó ìka ọwọ́.

Nítorí pé ó kéré yẹn gan-an, ó rọrùn láti sọnù. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà, ọ̀kan nínú fláàṣì, ọ̀kan nílé ọmọ tàbí àbúrò tó wà ní ìlú mìíràn. Kí ẹ sì fún ohùn kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ta ló ń sọ̀rọ̀, níbo, lọ́dún wo, odù wo. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. "Audio 017" kì í ṣe orúkọ. Bí ẹ kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí ẹ ṣì dá ohùn náà mọ̀, ọmọ yín á ní ohùn lọ́wọ́, kò ní mọ ẹni tó ni ín.

OHÙN TÓ TI ÌLÚ ÒKÈÈRÈ WÁ

Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú tilé, bẹ́ẹ̀ ló ń gbé toko wá. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Houston mọ̀ pé orin ti wọ̀ mí lára, ló bá ń fi orin Kúbà ránṣẹ́ sí mi. Ó fi Lázaro Ros ránṣẹ́, ọkùnrin ará Havana tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọrin òrìṣà, tó kú ní 2005. Ó fi Merceditas Valdés náà ránṣẹ́, obìnrin olóhùn iyọ̀. Mo fi íyàpíìsì sétí. Bàtá ń dún. Orúkọ Ṣàngó, orúkọ Yemọja, orúkọ Ọ̀ṣun ń jáde. Ahọ́n wọn ti yí díẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí mo ní láti gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó yé mi, àwọn mìíràn kò tíì yé mi di òní. Mo pe ìyá àwọn ọmọ, mo ní, "Ẹ wá gbọ́ àwọn ará wa." Wọ́n jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Bàhíà ní Brazil. Ní 1940, Ọ̀mọ̀wé Lorenzo Dow Turner, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tó jẹ́ onímọ̀ èdè, gbé ẹ̀rọ ìgbohùn lọ síbẹ̀. Títí wọ 1941, ó ń lọ láti ilé òrìṣà kan sí òmíràn, ó ń gba ohùn àwọn àgbà sórí àwo. Ọ̀kan nínú wọn ni Martiniano Eliseu do Bonfim, babaláwo tí wọ́n bí ní Bàhíà ní 1859, tó sì gbé Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà èwe rẹ̀. Ní 1943, bàbá náà papòdà. Ẹ ṣírò ẹ̀ wò: bí Turner bá fi ọdún mẹ́ta lọ́ra, kò sí ohùn yẹn láyé mọ́. Àwọn àwo náà wà ní Indiana University ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti sọ wọ́n di dígítà. Ohùn babaláwo tí wọ́n bí ní 1859 ṣì wà láyé. Àwa tí a sin bàbá tiwa ní àná òde yìí, a kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

BÍ A ṢE Ń GBÁDÙN Ẹ̀ NÍLÉ

Ohùn tí a bá kó pamọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, kò yàtọ̀ sí èyí tó kú. Nílé mi, alẹ́ ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ifá ni a fi sí. Lẹ́yìn tí a bá ti bọ tán tí a jẹun tán, mo ń so kọ̀ǹpútà mọ́ sípíkà kan tí kò tóbi. Kì í ṣe ká gbé e dé ojú ẹ̀ kí ará àdúgbò má lè sùn. A máa ń gbọ́ ẹyọ kan tàbí méjì, a ó sì sọ̀rọ̀ lé e lórí.

Àwọn ọmọ ọmọ mi ń gbọ́ orin ìgbàlódé tiwọn, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n mo fi Oroki Social Club hàn wọ́n, èyí tí Haruna Ishọla ṣe ní 1971 fún ẹgbẹ́ kan ní Òṣogbo. Mo ní kí wọ́n fetí sí agídìgbo nìkan. Lẹ́yìn náà, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn náà, ohun tí ìlù ń sọ. Ọ̀kan nínú wọn tó ń lu dùùrù inú fóònù kò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ń wá bí agídìgbo ṣe ń ṣe é.

Nígbà tó kan kásẹ́ẹ̀tì 1984, mo rí nǹkan tí n kò retí. Ẹ mọ̀ pé bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀, àwọn yòókù a máa gbè é pé "hin-in," bó bá sì ṣì í, wọ́n á dá a dúró. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ọ̀dọ́mọkùnrin awo kan gba ẹnu bàbá mi, ó fo gbólóhùn kan. Àwọn àgbà dákẹ́, wọn kò gbè é. Bàbá mi rọra sọ gbólóhùn náà fún un, ó mú un, "hin-in" sì dún padà bí òjò. Mo ń fi ibẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ awo mi. Ìwé lè fún wọn ní ẹsẹ̀. Kò lè fún wọn ní ìdákẹ́jẹ́ àwọn àgbà yẹn.

Láàrin àwọn tó ń gbè, ohùn obìnrin kan wà lẹ́yìn pátápátá. Àbúrò mi obìnrin ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ìyá wa ni. Kò sẹ́ni nínú wa tó mọ̀ pé ohùn wọn wà níbikíbi láyé.

ÈYÍ TÓ JẸ́ TI GBOGBO AYÉ, ÈYÍ TÓ JẸ́ TI ILÉ, ÈYÍ TÓ JẸ́ TI AWO

Àwọn àgbà kan ti bi mí pé, ṣé kì í ṣe pé a ń sọ awo di ti ọjà báyìí? Ìbéèrè gidi ni. Fóònù wà lọ́wọ́ gbogbo ọmọ. Ohun tí ẹ bá fi sí WhatsApp ní àárọ̀, kó tó di ọ̀sán ó ti dé ibi tí ẹ kò mọ̀, kò sì ṣe é pè padà.

Ọ̀nà tí èmi ń gbà ni pé mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta kí n tó fi ohunkóhun han ẹnikẹ́ni. Ìkíní ni ti gbogbo ayé: orin ọdún, ijó, oríkì, ìyẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sun ní gbangba. Ìyẹn kò ní èèwọ̀. Gbogbo wa la wo Ifá Olókun Asọ̀rọ̀dayọ̀ ti Olóyè Yẹmi Ẹlẹbuibọn lórí tẹlifíṣọ̀n, Ifá kò sì bàjẹ́. Ìkejì ni ti ilé: ọ̀rọ̀ ìdílé, ìjà tí wọ́n parí, ẹkún, àdúrà tí wọ́n dárúkọ èèyàn sí. Ìyẹn kò gbọdọ̀ kọjá ọmọ ilé. Ìkẹta ni ti awo: ohun tí wọ́n ṣe nínú igbódù, ọfọ̀, àti ohun tí ẹni tí kò tẹfá kò gbọdọ̀ gbọ́. Èyí kì í wọ inú kọ̀ǹpútà tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Fláàṣì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀, ọwọ́ olúwo ló ń wà. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ohùn kan bọ́ sí, ẹ bi àwọn àgbà ilé, bó bá sì rú àwọn náà lójú, ẹ gbé e kalẹ̀ níwájú Ifá.

Ẹ rántí àwọn olórin náà. Rẹ́kọ́ọ̀dù tí ẹ fi owó rà, ẹ lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ilé ara yín. Ẹ má gbé e lọ tà, ẹ má sì gbé e sí íntánẹ́ẹ̀tì bíi pé tiyín ni. Àwọn tó wà láyé ń jẹun nídìí iṣẹ́ wọn, àwọn tó ti lọ sì fi ọmọ sílẹ̀.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà wa ló wà nínú àpótí yẹn, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má dúró de ọmọ tó máa ti ìlú òyìnbó dé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀rinrin tó tún wọlé, ẹ fa àpótí yẹn jáde, ẹ ṣẹ́ ike orí kásẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ sí i lára, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó ní ohùn ẹni tí ẹ fẹ́ràn jù. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀rọ, kó gbé tirẹ̀ wá sí ìpàdé wa tó ń bọ̀. Èmi á gbé kọ̀ǹpútà mi dání, bátìrì rẹ̀ á sì ti kún.

Kí Ọ̀rúnmìlà Barà Àgbọnnìrègún má jẹ́ kí ohùn tiwa náà parun. Kí àwọn ọmọ wa rí etí gbọ́ wa. Àṣẹ.